Mekáníìkì Tí Ọ̀gá Rán Wá

Nígbà tí ìyá alágbàfọ̀ gbé agbọ̀n aṣọ tútù jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ó bá ọkùnrin kan nídìí ọkọ̀ akẹ́rù tó wà nínú ọgbà. Ọkùnrin náà wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù tí òróró ti yí lápá. Ó ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ki orí bọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, ó wúkọ́, ó sì dákẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni ìyá náà wí.

Orí ọkùnrin náà gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó yíjú padà, ó ń fọwọ́ ra àtàrí.

"Ẹ ṣé, mà. Mekáníìkì ni mí. Ọ̀gá ló rán mi."

"Ọ̀gá wo?"

"Ọkọ yín, mà. Wọ́n ní kí n tún un ṣe, kí n gbé e wá bá àwọn níbi iṣẹ́. Wọ́n gbàgbé láti fún mi ní kọ́kọ́rọ́, ìyẹn ni mo ṣe ń fi wáyà kan wáyà kó lè ṣiṣẹ́."

Ìyá náà gbé agbọ̀n sílẹ̀. Ó mú aṣọ ibùsùn funfun kan, ó gbọ̀n ọ́n, ó sá a sórí okùn.

"Ṣé ara wọn le?"

"Ó le koko, mà. Wọ́n ní kí n kí yín."

"Ẹ ṣeun. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kí mi gbẹ̀yìn."

Ó wọlé lọ mú kọ́kọ́rọ́. Nígbà tó wà nínú ilé, ó pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù. Káfíńtà ni àbúrò náà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju òdìkejì títì lọ. Ó ní, "Mekáníìkì kan wà lọ́dọ̀ mi o. Ó ní ọkọ mi ló rán òun. Rárá, ìwọ àtàwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ, ẹ má tíì wá. Ẹ jẹ́ kó ṣe é tán ná."

Ó padà síta, ó di kọ́kọ́rọ́ mọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì jókòó sí àyè awakọ̀.

"Ẹ sọ ìgbà tí mo máa ṣíná sí i," ló wí.

Ọkùnrin náà wo kọ́kọ́rọ́, ó wo géètì, ó sì mú sípánà rẹ̀. Ká sòótọ́, ó mọṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ó kọ́kọ́ wo táńkì; epo dísù wà nínú rẹ̀. Ó tú asẹ́ epo, ó mọ́. Ó yọ rọ́bà tó ń bọ̀ láti táńkì, epo ṣàn geere. Ó wá tú páìpù tó jáde lára pọ́ọ̀mpù, ó ti ẹnu rẹ̀ bọ inú ike, ó ní kí ìyá náà ṣíná sí ọkọ̀. Ó yẹ kí epo tú jáde fùú. Ńṣe ló ń kán tó, tó, bí imú ọmọ tó ní ọ̀fìnkìn.

"Pọ́ọ̀mpù ni, mà. Awọ inú rẹ̀ ti ya. Kò lè fa epo mọ́."

"Ohun tí ọkọ mi náà sọ nìyẹn. Àwọn mekáníìkì tó kù, ọ̀kan ní bátìrì ni, èkejì ní nọ́ọ̀sù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì ni. Orí mi ni mo wá fi ń ru ẹrù aṣọ kiri."

Ọkùnrin náà nu ọwọ́. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n lọ ra òmíràn wá."

"Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu." Ìyá náà mú pọ́ọ̀mpù tuntun kan wá láti inú yàrá ẹrù, inú ọ̀rá rẹ̀ ló ṣì wà. "Wọ́n ti rà á sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ."

"Ọ̀gá mà gbọ́n o!"

"Ṣé wọ́n ti sanra díẹ̀?"

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti kún, mà."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí tó fi di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú.

Ọkùnrin náà gbé abọ́ sábẹ́ kí dísù má bàa ba ilẹ̀ jẹ́. Ó tú bóòtù méjèèjì tó di pọ́ọ̀mpù mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó ha ojú ibẹ̀ mọ́, ó fi tuntun sí i, ó sì fún un le. Ìyá náà bu omi tútù fún un, ó tún fi búrẹ́dì àti ẹyin díndín tì í. Ó jẹ ẹ́ tán, ó gbàdúrà fún un.

Atẹ́gùn inú páìpù ló kù. Ó dẹ ìdérí kékeré kan, ó ń fọwọ́ tẹ irin ẹ̀gbẹ́ pọ́ọ̀mpù. Ìfófòó ló kọ́kọ́ jáde. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ títí epo fi dá gaara, ó sì dé e.

"Ẹ ṣíná sí i, mà!"

Ọkọ̀ náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì bú. Ó ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìyá náà tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, kò kú. Omi lé ròrò sójú rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún.

"Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ ọwọ́ yín," ló wí.

"Àmín, mà. Ó kù kí n gbé e jáde, kí ọ̀gá má bàa dúró pẹ́."

"Òótọ́ ni." Ó pa ọkọ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó sọ̀ kalẹ̀. Àbúrò rẹ̀ àtàwọn káfíńtà mẹ́rin ti dúró ní géètì, wọ́n fara balẹ̀ bí ẹni tó wá kí àlejò.

"Ẹ wọlé," ni ìyá alágbàfọ̀ sọ fún wọn, "ẹ bá mi bi mekáníìkì yìí ní ibi tó ti rí ọkọ mi, nítorí èmi àti ẹ̀yin náà la jọ sin ín lọ́dún tó kọjá."