Ọkọ̀ Tí Yóò Gbé Ère Padà

"Rọra nù ún, kí dígí má fọ́. Bàbá rẹ kékeré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé láti Èkó."

Caroline, tíṣà ní Òrò, gba àwòrán èbúté kan tó wà nínú dígí lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ tó jẹ́ àgbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ní ọdún òmìnira, òyìnbó kan wá yá ère òkúta ìdílé wọn. Ignatius, àbúrò àgbẹ̀ náà, ló ṣe ògbufọ̀. Ó ní òyìnbó fi àwòrán yìí dógò, pé ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà ni yóò gbé ère padà. Láti ìgbà náà, abẹ́ àwòrán ni àgbẹ̀ ń gbé iṣu tuntun sí lọ́dọọdún.

"Bàbá, ọdún 1841 ni wọ́n kọ síbí. Àwọn ọkọ̀ yìí á ti jẹrà tipẹ́."

Ó yí àwòrán náà padà, ó rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi gègé kọ sẹ́yìn rẹ̀, ó sì túmọ̀ rẹ̀ wẹ́rẹ́: "Sí Ignatius. Mo dúpẹ́ fún ère tí o tà fún mi."

Ignatius wọlé, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo tún dé èbúté. Wọ́n ní ọkọ̀ náà ò ní pẹ́ dé."

Àgbẹ̀ náà gbé ẹ̀yìn àwòrán sí i níwájú.

"Ìwọ ni ògbufọ̀ mi. Bá mi túmọ̀ èyí."