Mùsílíù àti Àwọn Ẹyẹlé Àǹtí Adéòkè

Mùsílíù kò ní sùúrù rárá. Bó bá gbé ìrẹsì kaná, yóò máa ṣí ìkòkò wò títí ìrẹsì náà yóò fi kọ̀ láti jinná. Ìwà yìí náà ló gbé dé Ṣìkágò.

Àǹtí Adéòkè, ọmọ ìlú rẹ̀ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè dókítà ní yunifásítì kan níbẹ̀, ló bá a wáṣẹ́. Adéòkè ń ṣèwádìí bóyá ẹyẹlé lè mọ àkókò. Bí iná bá tàn nínú àpótí tí wọ́n kó wọn sí, ẹyẹ gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ kó tó fẹnu ṣá bọ́tìnnì. Bó bá dúró, ẹ̀rọ á da àgbàdo fún un. Bó bá kánjú, pàbó ni. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ́ àwọn ẹyẹlé náà, orí wọn sì ni oyè rẹ̀ dúró lé. Nígbà tó fẹ́ lọ jókòó kọ ìwé ìwádìí rẹ̀ nílé, ó fi wọ́n sọ́wọ́ Mùsílíù.

"Mùsílíù, please, má fọwọ́ ara rẹ fún wọn lóúnjẹ o. Machine ló máa fún wọn. Ìwọ ṣáà jókòó tì wọ́n."

"Àǹtí, ẹ má worry. No problem."

Ṣùgbọ́n Mùsílíù tún ń wa takisí, ìjókòó sì tètè sú u. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í mi agolo àgbàdo, á bù fún wọn, á tilẹ̀kùn, ó di Uptown, àdúgbò tó ti ń gbé èrò takisí. Àwọn ẹyẹlé gbàgbé iná. Agolo Mùsílíù ni wọ́n wá ń retí. Bí Adéòkè bá béèrè, á ní, "They're fine, Àǹtí."

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Nínú ààwẹ̀ ọdún 1984, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wá wo iṣẹ́ Adéòkè. Iná tàn. Ẹyẹ kankan kò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Wọ́n ní kí Mùsílíù gbé àgbàdo wá. Bí agolo ti mì lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ẹyẹlé bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìyẹ́, wọ́n ń ṣá ara àpótí bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wo agolo, wọ́n wo Mùsílíù. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta bàjẹ́ lójú wọn.

Adéòkè kò pariwo. "Mùsílíù, o kì í ṣínu kí oòrùn tó wọ̀. Kí ló dé tí o ò lè dúró ti ẹyẹlé?"

Mùsílíù gbé agolo náà sílẹ̀. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Adéòkè padà sí ìlú wọn láìgboyè, kò sì sí ọmọ ìlú wọn kan tó tún bá Mùsílíù wáṣẹ́ mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n lé Mùsílíù, Kàfáyàtù ìyàwó rẹ̀ gbé èso dàbínù ka iwájú rẹ̀ kó fi ṣínu. "Oòrùn mà ti wọ̀ o."

Ó fi ọ̀kan sẹ́nu. Kò mọ̀ bóyá ó dùn. Ebi kò pa á, inú kò bí i, ẹkún kò sì wá. Ó kàn ń jẹnu ni.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ohun tí à ń ṣe níkọ̀kọ̀ là ń kọ́ ẹni tó wà lọ́dọ̀ wa, ìbáà jẹ́ ẹyẹ, yóò sì fi wá hàn lọ́jọ́ tí a kò rò. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ẹnì kan bá fi iṣẹ́ rẹ̀ sọ́wọ́ wa, ẹ jẹ́ ká dúró tì í bí a ti ń dúró de oòrùn nínú ààwẹ̀, nítorí ìkánjú ẹnì kan lè ba ọjọ́ ọ̀la ẹlòmíràn jẹ́.