Ọ̀dà Funfun Lórí Nọ́ọ̀tì Táyà

Merle Stoddard kì í jalè, kì í purọ́, kò sì sẹ́ni tó rí i rí kó mutí yó. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń bá a fínra: kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá kí i pé ẹ káàárọ̀, ọwọ́ yín ló máa kọ́kọ́ wò. Ìwà yìí ló sọ ọ́ di aláìnílé lẹ́ni ọdún méjìdínláàádọ́rin.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, òun àti Idella ìyàwó rẹ̀ ta ilé wọn ní Ohio, wọ́n sì fi gbogbo owó rẹ̀ ra ọkọ̀-ilé, ìyẹn ọkọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ tó ní ibùsùn, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ nínú. Bí òtútù bá ti dé, aginjù Arizona ni wọ́n ń wà á lọ, níbi tí àwọn àgbàlagbà bíi tiwọn máa ń pàgọ́ sí. Wọn kò ní òrùlé mìíràn lábẹ́ ọ̀run.

Lọ́dún kan, wọ́n yà lọ́nà láti pààrọ̀ táyà ẹ̀yìn. Nígbà tí oníṣẹ́ táyà parí, ó ní, "Ọ̀gá, tẹ́ ẹ bá ti rin àádọ́ta máìlì, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún àwọn nọ́ọ̀tì tó di táyà yìí mú dè kó le dáadáa. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dè é, ó máa ń dẹ̀."

Merle yínmú. Bó ṣe wọnú ọkọ̀, ó ní, "Ṣó o gbọ́ ohun tí oní-jìbìtì yẹn ń sọ? Ó fẹ́ ká tún padà wá fún un lówó ni."

Lọ́jọ́ kẹta, ariwo bẹ̀rẹ̀. Kọ̀, kọ̀, kọ̀. Bí ọkọ̀ bá sáré, ariwo náà á yára; bí ọkọ̀ bá rọra, òun náà á rọra. Merle ní àwo ni. Idella fi aṣọ ìnura wé gbogbo àwo àti ìkòkò, ariwo ò dákẹ́. Merle ní ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ni, ó fi ìbọ̀sẹ̀ há gbogbo wọn, síbẹ̀ kò dákẹ́. Ni Idella bá ṣe ohun tí àwọn tó ń gbé inú ọkọ̀ máa ń ṣe: ó dùbúlẹ̀ lẹ́yìn bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń wakọ̀ lọ, ó sì fi etí lé ilẹ̀ ọkọ̀.

"Merle, ìdí táyà ẹ̀yìn lápá òsì ló ti ń dún!"

"Mo mọ ohun tó ò ń wá. O fẹ́ kí n ta ọkọ̀ yìí, ká lè lọ máa gbé lọ́dọ̀ àbúrò ẹ."

"Mi ò dárúkọ àbúrò mi."

"O ò dárúkọ ẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n fura gan-an nìyẹn."

Nígbà tí wọ́n dé àgọ́, Idella ké sí aládùúgbò wọn, opó kan tó ń jẹ́ Roberta Pruitt, ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe. Roberta kúnlẹ̀ sídìí táyà, ó fi búrọ́ọ̀ṣì fa ọ̀dà funfun láti orí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan bọ́ sára irin tó wà lábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ wà á dé ibi tá a ti ń pọnmi kẹ́ ẹ padà," ó sọ fún Merle. "Tí ìlà orí nọ́ọ̀tì kan bá yà kúrò lára ti orí irin, nọ́ọ̀tì yẹn ń tú nìyẹn. Lọ́la, mo máa yá sípánà ńlá wá."

Merle dúpẹ́ lẹ́nu lásán. Ó wà á lọ, ó padà dé, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Nínú ìlà mẹ́jọ, márùn-ún ti yà.

"Obìnrin yẹn ló fa ìlà wọ̀nyí wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀," ó ní. "Ó fẹ́ fi dẹ́rù bà wá ni, kó lè rí iṣẹ́ gbà."

"Merle, ìṣojú mi ló ṣe é. Ó gún régé nígbà tó fà á."

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ mọ̀ ọ́n nìyẹn."

Ó fi àkísà tó rẹ sínú bẹntiróòlù nu ọ̀dà náà dànù pátápátá. Nígbà tílẹ̀ mọ́, kí Roberta tó gbé sípánà dé, ó ti gbéra. Inú bí Idella, àmọ́ ibo ni yóò lọ? Ilé rẹ̀ ló ń rìn lọ yẹn.

Lórí ìdàgẹ̀rẹ̀ kan, ariwo náà yára kíkankíkan, lẹ́yìn náà ó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ṣó o rí i?" Merle bú sẹ́rìn-ín. "Ó ti lọ! Mo sọ fún ẹ!"

Kò tíì pa ẹnu dé tí táyà kan fi gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé rẹ̀ kọjá, tó ń ta pọ́ún pọ́ún lọ níwájú wọn. Merle kọ́kọ́ rò pé ti ẹlòmíràn ni. Ìgbà yẹn ni ìdí ọkọ̀ lulẹ̀, ọkọ̀ fì, ó sì ṣubú sínú kòtò. Wọ́n rá jáde, apá Idella ti kán. Gáàsì ìdáná gbiná. Wọ́n jókòó sórí iyanrìn, wọ́n ń wo ilé wọn bó ṣe ń jó: ibùsùn, aṣọ, àwòrán ìgbéyàwó wọn.

Roberta wa ọkọ̀ kékeré rẹ̀ dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Merle wò ó láti òkè délẹ̀. "Ta ló sọ fún ẹ pé ibí la wà?"

"Èéfín," Roberta dá a lóhùn, ó sì gbé Idella sínú ọkọ̀.

Kí Idella tó ti ilẹ̀kùn, ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi jẹ́ ìyàwó ẹ, Merle. O ò lè gbà mí gbọ́ lórí nọ́ọ̀tì kan."

Ó lọ bá àbúrò rẹ̀ ní Ohio, kò sì padà mọ́. Merle háyà yàrá kan ní ìlú kékeré kan lẹ́bàá aginjù. Ó fi àgádágodo mẹ́ta sí ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kàn án.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí, mi ò sọ pé kéèyàn má fura o. Ayé tí a wà yìí gba ìfura. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá sọ ohun tí ẹ lè fọwọ́ ara yín yẹ̀ wò fún yín, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó pè é ní onírọ́. Ẹni tó bá sì ń fura sí gbogbo ènìyàn, kó má gbàgbé láti fura sí ara rẹ̀ náà. Ká ní Merle ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré ni, ì bá ṣì nílé, ì bá sì ṣì láya.