Lọ́yà Ìyá Aláró

"Dìde!" ni alága ìgbìmọ̀ ìbáwí àwọn lọ́yà fi Gẹ̀ẹ́sì jágbe mọ́ lọ́yà. "Láti ọdún 1979 lo ti gba owó gbà-má-bínú ilẹ̀ ìyá yìí ní Kọ́bapẹ́. O ná an tán, o wá ń parọ́ fún un pé ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù!"

Lọ́yà dorí kodò, ó ń sunkún. Ìyá aláró kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó sáré kúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé torí pé ó kéré sí yín lẹ ṣe ń pariwo mọ́ ọn? Òun nìkan ló ń gbèjà mi!"

Alága ní kí ògbufọ̀ ṣàlàyé fún un. Ògbufọ̀ yíjú sí ìyá. Ìyá ti ń fi etí ìró rẹ̀ nu ojú lọ́yà.