Télọ̀ Tó Tú Bíréèkì Torí Òkè

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí kẹ́ ẹ wá fi í sílẹ̀. Ẹ kà á dé òpin, torí ọ̀rọ̀ kékeré kan wà nínú ẹ̀ tí télọ̀ kan fi ẹnu ara ẹ̀ sọ, tí ọ̀rọ̀ náà sì padà wá bá a.

1.
Aṣọ ìyàwó ni télọ̀ yìí mọ̀ ọ́n rán jù. Ṣùgbọ́n tó bá di àárọ̀ Sátidé, ẹ ò ní bá a nídìí máṣíìnì. Òun àti ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ ẹ̀ ti lọ gun òkè kan tó ní kọ́nà mẹ́fà. Mélòó-ló-kù ni wọ́n ń pe òkè náà, torí ìbéèrè tí gbogbo ẹni tó bá ń gùn ún máa ń bi ara ẹ̀ nìyẹn.

Bàbá Sípánà, àgbàlagbà tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ni olórí ẹgbẹ́. Kí wọ́n tó gbéra, á ní kí oníkálukú tẹ bíréèkì iwájú àti tẹ̀yìn. Á wá kígbe pé, "Ṣé ó mú?" Gbogbo wọn á dáhùn pé, "Ó mú!" Ẹni tí tiẹ̀ ò bá mú, ilé yá nìyẹn.

Obìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ náà, nọ́ọ̀sì ni, ó ti lé láàádọ́ta ọdún, ó ti ní ọmọ-ọmọ méjì. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti dé kọ́nà kẹta ló máa ń kọjá lára télọ̀, á tún wá máa kí i: "Télọ̀, o kú iṣẹ́ o!" Télọ̀ á máa mí hẹlẹhẹlẹ, kò ní lè dáhùn.

Kí ni obìnrin yìí ń lò gan-an? Ìbéèrè yìí ò jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu télọ̀ mọ́.

2.
Lọ́jọ́ kan tí nọ́ọ̀sì lọ ra omi, télọ̀ yọ́ lọ gbé kẹ̀kẹ́ ẹ̀ wò. Háà! Ó wúwo ju tiẹ̀ lọ! Agogo ń bẹ lára ẹ̀, báàgì ń bẹ, aṣọ òjò tún wà nínú báàgì.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé kò yẹ kó bi obìnrin náà? Kò bi í. Ó lọ yá òṣùwọ̀n nílé kejì, ó jókòó sílẹ̀, ó ń tú kẹ̀kẹ́ tiẹ̀ kó lè fúyẹ́ sí i, ó ń wọn ohun tó bá tú. Ó yọ agogo. Ó yọ irin tí ìgò omi ń jókòó sí. Ó wá kan bíréèkì iwájú.

Ibẹ̀ ni àbúrò ẹ̀ obìnrin bá a. Ìgbéyàwó ọmọ náà ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, aṣọ funfun ẹ̀ sì wà ní ṣọ́ọ̀bù, apá òsì nìkan ló kù kí wọ́n so mọ́ ọn. Láti ọjọ́ tí bàbá wọn ti kú ni télọ̀ ti ṣèlérí fún un pé kò sí ọwọ́ ẹlòmíì tó máa kan aṣọ ìyàwó ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bíréèkì lẹ̀ ń tú yẹn?"

"Òkè ni mò ń gùn. Ta ní ń tẹ bíréèkì tó bá ń gòkè? Òkè fúnra ẹ̀ ni bíréèkì."

"Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ sọ̀ ńkọ́?"

"Tẹ̀yìn ṣáà wà níbẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé ọwọ́ yín ló máa parí aṣọ mi."

"Ọwọ́ wo ló ń gun òkè? Ṣebí ẹsẹ̀ ni!" Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

3.
Sátidé dé. Télọ̀ lọ dúró sẹ́yìn pátápátá.

"Ṣé ó mú?"

"Ó mú!" Ohùn tiẹ̀ ló tún ròkè jù.

Ó gun òkè náà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Kọ́nà kẹta, kò rí nọ́ọ̀sì. Kẹrin, kò rí i. Òun ló kọ́kọ́ dé òkè! Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré!"

Kò mọ̀ pé ṣéènì ẹnì kan ló yọ ní kọ́nà kejì, tí nọ́ọ̀sì dúró bá a tún un ṣe.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé, kò kí i kú iṣẹ́. Iwájú kẹ̀kẹ́ ẹ̀ ló ń wò.

"Télọ̀, bíréèkì iwájú rẹ dà?"

"Ó wà nílé, ẹ̀gbọ́n, ó ń sinmi."

"Jọ̀ọ́, tì í sọ̀. Èmi náà á sọ̀ kalẹ̀, a jọ máa rìn ni."

Ó ṣe télọ̀ bíi kó gbà. Ṣùgbọ́n àwọn tó kù ń yọ bọ̀ níkọ̀ọ̀kan. "Kí ẹni tó gba ipò kìíní wá máa ti kẹ̀kẹ́ lójú gbogbo ayé? Rárá o." Ó gùn ún, ó ń lọ.

Kọ́nà àkọ́kọ́, bíréèkì ẹ̀yìn dá a dúró díẹ̀. Ìkejì, bíréèkì náà ń han gooro. Kó tó dé ìkẹta, wáyà ẹ̀ já. Irin ẹ̀bá ọ̀nà ló dá télọ̀ dúró. Akoto gba orí ẹ̀ là, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún ló fi gba irin.

4.
Ilé ìwòsàn tí nọ́ọ̀sì ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n gbé e lọ. Ẹni tó ń rán aṣọ fún gbogbo ayé, òun ni wọ́n ń rán. Nọ́ọ̀sì ló di ọwọ́ ẹ̀ kejì mú.

"Ẹ̀gbọ́n," ni télọ̀ wí pẹ̀lú omi lójú, "kí lẹ̀ ń lò tẹ́ ẹ fi máa ń kọjá lára mi?"

"Kí ni mò ń lò? Mo máa ń yí gíà sí èyí tó fúyẹ́ kí òkè tó bẹ̀rẹ̀ ni. Ìwọ máa ń dúró dìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ bá ń gbọ̀n. O ò ṣáà bi mí rí."

Nígbà tí ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n tú báńdéèjì. Àbúrò ẹ̀ gbé sísọ́ọ̀sì wá, ó fi í sí i lọ́wọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bàbá Sípánà wà níbẹ̀. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, ó ti mọ́ ọn lẹ́nu ni tó fi bi télọ̀ pé:

"Ṣé ó mú?"

Télọ̀ gbìyànjú. Àtàǹpàkò ò ká. Sísọ́ọ̀sì bọ́ sílẹ̀.

"Kò mú, Bàbá," ló wí. "Lọ́jọ́ yẹn náà, kò mú."

Télọ̀ òdìkejì títì ló so apá òsì aṣọ náà mọ́ ọn. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, gbogbo èèyàn ń wo ìyàwó. Apá òsì aṣọ nìkan ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń wò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, ohun tó bá rú yín lójú, ẹ fi ẹnu bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ má torí pé ẹ fẹ́ gòkè kẹ́ ẹ wá tú ohun tó máa gbé yín sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Tí wọ́n bá sì bi yín pé ṣé ó mú, tí kò bá mú, ẹ sọ pé kò mú. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn. Bó pẹ́ bó yá, ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀.