Wáyà Ńlá Bàbá Ọdẹ́wálé

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin tí a jọ fi ọkọ̀ ṣe ilé ní pápá yìí, orin dùn lẹ́nu mi.

Bàbá Ọdẹ́wálé ní ẹ̀rọ tó ń bá a mí. Wáyà kékeré tí gbogbo wa fi ń fa iná mànàmáná kò gbé ẹ̀rọ náà mọ́. Morónkẹ́jì ọmọ rẹ̀ bẹ̀ wá: "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ bá mi dáwó wáyà ńlá."

A ní, "Ọmọ wa, kò sówó níta."

Ilẹ̀ mọ́, bàbá ti kú. A kì í sin àgbà bí ẹni sin adìyẹ. Kíá la dáwó, ọ̀gá tó ni pápá so wáyà ńlá fún wa, ẹ̀rọ atẹ́gùn tútù ń fẹ́, ìrẹsì ń hó lórí ààrò oníná, a sì ń kọrin:

*Bàbá ti sinmi, ẹ jẹ́ á jó o.*

Morónkẹ́jì ní, "Iná yìí ì bá tó bàbá mi."

A gbórin sókè ju ohùn rẹ̀ lọ, kálukú sì yó relé.