Ìgbànú Bàbá Olúfọwọ́bí

Láti ìgbà tí ọkùnrin tó bá ti lé lọ́gọ́ta ọdún ti ń sán ìgbànú ìlera, Bàbá Olúfọwọ́bí télọ̀ kò ní àṣírí mọ́. Bí họ́mónù, èròjà ara tó máa ń ru sókè nígbà tí obìnrin bá wu ọkùnrin, bá ti gbéra nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tó ń ránṣẹ́ sí pírósítéètì lábẹ́ àpò ìtọ̀ pé kó máa dàgbà, ìgbànú á dá ìránṣẹ́ náà padà, á sì kéde rẹ̀ sókè fún gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, Ìyá Ìbídàpọ̀, opó tó ń gbé òdìkejì títì, wá wọn aṣọ. Bàbá na téèpù yí ìbàdí opó náà ká.

“Họ́mónù ti gbéra,” ni ìgbànú wí. “Mo ti dá ìránṣẹ́ mẹ́rin padà.”

Bàbá wúkọ́. “Ẹ má dá a lóhùn, Ìyá Ìbídàpọ̀. Bátìrì rẹ̀ ló ń kú lọ.”

“Bátìrì mi kún. Ìránṣẹ́ ti di mẹ́sàn-án. Ọjọ́ tí màmá yìí bá wá nìkan ni mo máa ń ṣe irú iṣẹ́ yìí.”

Opó náà rọra gba téèpù lọ́wọ́ Bàbá, ó ká a.

“Ẹ̀ẹ̀kẹfà rèé tí ẹ ń wọn ìbàdí kan ṣoṣo yìí láàárín oṣù méjì, mo sì ń wá. Ìgbànú ti sọ tiẹ̀, Bàbá. Ó ku tiyín.”